Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìròyìn wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Ìtàn tèmi rèé lórí iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Láti 1959 tí tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn, ìjọba ló ń dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀; òfin 1992 ló tó gba aládàáni láyè. Ọ̀gá wa sọ pé Ògbómọ̀ṣọ́ náà gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, torí kí wọ́n tó dárúkọ ìlú wa nínú ìròyìn, àfi tí gómìnà bá wá kí Ṣọ̀ún. Nígbà tówó jọ, ó gba yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí Ọjà Igbó, ó ní wáyà la ó fi máa gbé ìròyìn wọlé àwọn tó bá ń san owó oṣù.

Hàà, wáyà! Orí òrùlé dé orí òrùlé ni wọ́n ta á. Ìjì àkọ́rọ̀ já a lápá Táki, gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ ò gbọ́ ju ṣààà lọ.

Bí a bá tan fáànù níbi tí a ti ń ka ìròyìn, ìró rẹ̀ á wọ makirofóònù. A pa á. Táwẹ́lì ń bẹ léjìká mi lẹ́yìn kámẹ́rà. Bí fídíò bá ti ń lọ lọ́wọ́, màá sáré gbé e fún arábìnrin tó ń ka ìròyìn, á nu òógùn ojú. Bí iná bá lọ, kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà, ìròyìn ti já, a ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí kókó ìròyìn.

Síbẹ̀ wọ́n ń wò wá, nítorí ìkéde: òkú tí wọ́n fẹ́ sin, ìwé ẹ̀rí tó sọnù, ìpàdé agboolé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú ọmọkùnrin kan wá látọjà. Kò mọ̀ ju “Màmá Eléèlùbọ́” lọ. Ọ̀gá ní ká parí kókó ìròyìn ná. Arábìnrin yìí kọ̀ jálẹ̀, ó gbé ọmọ lé itan níwájú kámẹ́rà: “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Màmá Eléèlùbọ́, ọmọ wọn rèé o.” Ọmọ ń jẹ búrẹ́dì, ẹ̀rún rẹ̀ ń já bọ́ sórí ìwé tí arábìnrin náà fi ń ka ìròyìn. Bí iná ṣe lọ nìyẹn.

A ṣì ń fa jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìyá náà gun àtẹ̀gùn dé. Òun ò ní tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọ aládùúgbò ló sáré lọ pè é.

Láti ọjọ́ náà ni ìkéde ti ń ṣáájú kókó ìròyìn lọ́dọ̀ wa. Àwọn tó kàwé gboyè lórí iṣẹ́ náà ní a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n wá bi ìyá yẹn.