NẸ́PÀ mú iná lọ, Rhodes ṣì ń dún

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìrírí tèmi pẹ̀lú Rhodes, dùùrù oníná àtijọ́ kan. Dùùrù ìjọ ni mo ń tẹ̀ n'Ìkòròdú, kíbọ́ọ̀dù ayé òde òní. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí sí Sábó pé kí n wá bá òun gbé nǹkan. Àṣé Rhodes àtijọ́ ni, oní-kíì 73! Àwa mẹ́ta la gbé e. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 60 o, ẹ̀yìn mi ò tíì gbàgbé.

Bí mo ṣe rọra tẹ̀ ẹ́, ó ń dún bí agogo tí wọ́n fi aṣọ wé. Mo fagbára tẹ̀ ẹ́, ló bá ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Kíbọ́ọ̀dù tèmi náà ní ohùn tí wọ́n pè ní Rhodes nínú, mo ti rò pé mo mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni.

Kíì kan ò dún rárá, ẹ̀gbọ́n bá ṣí ìdérí. Kò sí okùn kankan nínú ẹ̀. Òòlù kékeré olórí rọ́bà ló ń lu irin kan tín-ínrín bí ẹyọ ìgbálẹ̀; irin yẹn á máa gbọ̀n níwájú òòfà tí wọ́n fi wáyà wé, ìgbọ̀n yẹn ló ń di iná tó ń lọ sí sípíkà. Sípíríńgì wínníwínní kan wà lára irin náà: ẹ tì í lọ sí ṣóńṣó, ohùn á wálẹ̀, ẹ fà á sẹ́yìn, á gòkè. Irin ti kíì yẹn ti kán. Ẹ̀gbọ́n ní nígbà ogun àgbáyé kejì, páìpù ọkọ̀ òfurufú B-17 ni Harold Rhodes, ẹni tó dá dùùrù náà sílẹ̀, fi ṣe àwọn dùùrù kékeré tí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ ń tẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ibẹ̀ la wà tí NẸ́PÀ fi mú iná. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí ẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ ọ: tín, tín, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí mi létí. Irin ṣáà ni òòlù ń lù, iná kàn ń gbé ohùn ẹ̀ síta ni. Mo tẹ orin ìyìn kan dé ìdajì kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tó bò ó mọ́lẹ̀.

Èsì ẹnì kan tó ka ìtàn yìí:
— Bọ̀dá, ẹ ṣeun. Ti wa l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ ńbí, irin kan kán, oníṣẹ́ kan bá gé sípóòkù kẹ̀kẹ́ sí i. Ó dún o! Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá kan kíì yẹn, àwọn akọrin á yíjú wò mí bíi pé ìgbúnwọ́ ni mo fi tẹ̀ ẹ́.