Kí ló ń pa àwọn ọmọ ọ́ísítà gan-an, fáírọ́ọ̀sì ni àbí bakitéríà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá mọ̀ nípa àrùn ẹran omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì dá lórí ikú ọ́ísítà (ẹran omi oníkarahun méjì) létíkun ilẹ̀ Faransé, ó sì ti ń dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́.

Láti ọdún 2008 ni ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì OsHV-1 (fáírọ́ọ̀sì hẹ́píìsì tó ń mú ọ́ísítà) kan ti ń pa àwọn ọmọ ọ́ísítà Pàsífíìkì níbẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Tí omi bá ti gbóná tó nǹkan bí 16°C, ikú dé nìyẹn: ìkarahun wọn á là sílẹ̀, èèyàn á fọwọ́ kàn án, kò ní pa dé mọ́. Àwọn àgbà kì í sábà kú. (Ẹni tó ń jẹ ẹ́ má fòyà, kì í ran èèyàn.)

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018 wá fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì yìí kì í dá a pa. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń gbèjà ara ló máa kọ́kọ́ kọlù, bakitéríà á wá rọ́ wọlé, àwọn ni wọ́n ń parí iṣẹ́. Ó dáa. Tí mo bá bá méjèèjì lára òkú ọ́ísítà, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ṣáájú? Vibrio, ọ̀kan lára àwọn bakitéríà náà, ṣáà máa ń wà lára èyí tó yè náà. Lójú tèmi, PCR (àyẹ̀wò tó ń wá DNA kòkòrò àrùn) nìkan ò lè yanjú ẹ̀.

Ṣé kí n máa mú àpẹẹrẹ ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà ni, àbí kí n fún apá kan ní oògùn apabakitéríà, kí n fi wé ìyókù? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ọ́ísítà mélòó lẹ lò?