Ìdógò ni, kì í ṣe ìwọ̀fà: èsì láti Kàbà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a jọ ń wá fún ètò owó ni mo fẹ́ dá sí: kí ni a ó máa pe dúkìá tó dúró fún gbèsè (collateral), kí sì ni a ó pe é nígbà tí olówó bá tún fi í dógò lọ́dọ̀ ẹlòmíràn? Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ìyàgbà dábàá pé kí a máa pe dúkìá tí àwọn báńkì ńlá ń gbà lọ́wọ́ ara wọn, kí ó lè dúró fún gbèsè, ní "ìwọ̀fà owó". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè gbà á bẹ́ẹ̀.

Ènìyàn ni ìwọ̀fà. Bàbá tó yáwó a fi ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ sọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe lóko ni èlé, kò sì dín kọ́bọ̀ kù nínú ojú owó, bó tilẹ̀ ṣe é fún ogún ọdún. Ohun tí àwọn báńkì ń gbà kì í roko. Ìdógò ni orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣàjèjì: "ògò" ni Bíbélì Yorùbá pè é nínú Ẹ́kísódù orí 22, níbi tí òfin ti pàṣẹ pé ẹni tó bá gba aṣọ ẹnìkejì rẹ̀ ní ògò gbọ́dọ̀ dá a padà kí oòrùn tó wọ̀.

Amòfin tó wà láàárín wa sọ pé ìdógò kò tó, nítorí pé ohun tí a bá fi dógò gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ olówó, nígbà tó jẹ́ pé òfin Nàìjíríà ti ọdún 2017 lórí dúkìá tó ṣeé gbé kiri gba ẹni tó fi ẹ̀rọ tí a fi ń lọ gbágùúdá tàbí ọ̀kadà yáwó láàyè láti máa lò ó nìṣó, kìkì pé a ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò. Gbogbo wa la ń sọ pé lágbájá fi ilé rẹ̀ dógò ní báńkì, inú ilé yẹn ló sì ń sùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó gan-an ni pé olówó lè mú ìdógò tó gbà, kí ó tún fi dógò lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Annelise Riles, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, bá àwọn amòfin báńkì jókòó ní Tokyo, ó sì rí i pé òfin ọjà owó kì í ṣe èyí tí ìjọba ń kéde nìkan. Ó wà nínú ìwé àdéhùn tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ́rọ̀ kún lójoojúmọ́, èyí tó ń mú kí tọ̀tún tòsì gbà láti ṣe, fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ni dúkìá ti yanjú. "Bí ẹni pé" yẹn ló já lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, nígbà tí Lehman Brothers, báńkì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, wó: àwọn oníbàárà ẹ̀ka rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí a ti fi dúkìá wọn dógò síwájú wá di ẹni tó ń tò pọ̀ mọ́ àwọn yòókù tí báńkì náà jẹ ní gbèsè láìsí ìdógò lọ́wọ́ wọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí alágbàtà, ìyẹn ẹni tó ń bá oníbàárà ra ìpín ìdókòwò, tó sì ń yá a lówó, má ṣe fi dúkìá tó ju ìdá 140 nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè oníbàárà dógò síwájú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí irú òpin bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ìrora rẹ̀. Àbúrò ìyá mi fi oko kajú dógò ní Ìjùmú. Nígbà tí a kó owó dé, ẹnìkan tí a kò mọ̀ rí la bá níbẹ̀ tó ń ṣa kajú.

Fún ìdógò tí olówó tún fi dógò yìí, àwọn kan dábàá "àtúndógò". Kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹni tó ni nǹkan fúnra rẹ̀ ló tún un fi dógò. "Àgbàdógò" náà rú ni lójú: "gbà dógò" ni olówó àkọ́kọ́ ṣe. "Àgbàfidógò" ni mo mú wá, ní ìlànà àgbàtọ́, àgbàṣe àti àgbàfọ̀, ohun tí a gbà lọ́wọ́ onínǹkan kí a tó fi ṣe nǹkan mìíràn. (Alágbàfọ̀ tó bá wọ agbádá oníbàárà lọ sóde ìyàwó ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ọn jù.) Ó gùn díẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n kò ní ìtumọ̀ méjì.

Bí àwọn àgbà Búnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀ bá ní ọ̀rọ̀ kan fún ohun tí olówó oko kajú yẹn ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ fún wa kí a tó fẹnu kò lórí tèmi.