Ewé igi wa ń jóná létí, ṣé oòrùn ni àbí èéfín ilé iṣẹ́ irin?

AbẹIgi: Ẹ n lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin là ń gbé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí mo ti ń rí i pé ewé igi tó kọjú sí ọ̀hún ń gbẹ létí bí ohun tí iná rà, á wá já bọ́ láìtíì gbó, àwọn tí ògiri bò lẹ́yìn ilé sì tutù yọ̀yọ̀. Mo fọwọ́ pa ewé kan láàárọ̀ yìí, ìka mi dúdú, ó tún ń dán wínníwínní. Àwọn ará ilé ní oòrùn ni, pé ṣebí òórùn èéfín yẹn ti dín kù, pé téèfín bá burú lóòótọ́ ewéko ò ní hù rárá. Ẹ̀fọ́ tí mo gbìn síbẹ̀ sì ń rúwé dáadáa o. Ṣé ká máa jẹ ẹ́?

IleruAtijo: Mo ti ṣiṣẹ́ nídìí ìléru rí, eruku irin ló ń dán lọ́wọ́ yín yẹn. Tí wọ́n bá da àlòkù irin síná, síǹkì, òjé àti cadmium (irin olóró kan) ara ẹ̀ á bá èéfín gòkè, tó bá tutù á di eruku kíkúnná, á bà lé ewé, á dí ihò tó fi ń mí. Ọ̀gbẹlẹ̀ náà máa ń jó ewé létí o, àmọ́ tó bá jẹ́ oòrùn nìkan, kí ló dé tó fi mọ ẹ̀gbẹ́ kan? Ẹ tún un wò, tí àárín iṣan ewé bá ń funfun tí iṣan fúnra ẹ̀ ṣì tutù, gáàsì imí ọjọ́ ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

OmoIle: Ẹ̀fọ́ yẹn ló ká mi lára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fewé tútù dájọ́. Ewéko lè fa cadmium látinú ilẹ̀ kó máa dán gbinrin, kò ní korò lẹ́nu, ẹ ò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò. Òjé ní tiẹ̀, ojú ewé ló pọ̀ sí pẹ̀lú eruku, ìyẹn ṣì ṣeé fọ̀ díẹ̀. Èéfín àti òórùn ni gbogbo wa ń wò, tó bá ti dín a ó ní ó ti parí, èyí tó ti wọlẹ̀ ò sì lọ síbì kankan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n òjé nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu, ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́ jù. Ẹ dá jíjẹ ẹ̀ dúró, kí ẹ gbé erùpẹ̀ yẹn lọ sí láàbù.

AfefeRere: Ẹni tó ní ewéko ò ní hù yẹn, ẹ ní kó wá àwòrán Sudbury ní Kánádà. Níkẹ́lì àti kọ́pà ni wọ́n ń yọ́ níbẹ̀, gáàsì ẹ̀ pa igi títí ó fi ku àpáta dúdú. Ní 1972 wọ́n kọ́ ihò èéfín tó ga tó mítà 381, ará ìlú mí díẹ̀, gáàsì yẹn kàn lọ bà síbi tó jìnnà ni. Láti 1978 ni wọ́n ti ń da òkúta ẹfun lílọ̀ sílẹ̀ ibẹ̀ kí kíkan ilẹ̀ náà lè dín kù, torí ilẹ̀ tó bá kan ló ń jẹ́ kí gbòǹgbò rí irin fà. Igi tí wọ́n ti gbìn ti lé ní mílíọ̀nù 10. Àmọ́ níbi tí gáàsì ò bá tó pa igi, irin yẹn ṣì ń kó jọ nílẹ̀ lábẹ́ ewé tútù.

AbẹIgi: Ẹ ṣé gan-an. Ọmọ mi ọdún méjì ló ń jókòó ṣeré lórí ilẹ̀ yẹn, ó sì máa ń kówọ́ sẹ́nu. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́.

OmoIle: Ẹ gbé e lọ fún tẹ́ẹ̀sì òjé nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de èsì erùpẹ̀. Kí ẹ máa fi àkísà tútù nulẹ̀, ẹ má gbálẹ̀ gbígbẹ, kí bàtà sì máa wà níta.