Àbúrò ti ń dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú júdò: ṣé kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ ni?

Ìyá ọmọ: Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì ń kọ́ júdò lọ́dọ̀ olùkọ́ kan náà. Ọmọ ọdún 14 ni ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 12 ni àbúrò, ṣùgbọ́n àbúrò ti dàgbà bá a débi pé ìsọ̀rí ìwọ̀n ara kan náà ni wọ́n wà báyìí. Láti ìgbà tí àbúrò ti dá ẹ̀gbọ́n nínú ìdíje lójú gbogbo ènìyàn ni ẹ̀gbọ́n kò ti fẹ́ bá a ṣe ìdánrawò mọ́, ó sì ti ń fi oúnjẹ du ara rẹ̀ kí ó lè bọ́ sí ìsọ̀rí tí ó kéré sí i. Bàbá wọn ní kí a mú ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni àwọn ọmọ ìyá tí wọ́n jọ ń gba wúrà ṣe ń ṣe é?

Olùkọ́ júdò: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró lónìí. Ọmọ tí egungun rẹ̀ ṣì ń gùn kò gbọdọ̀ febi pa ara rẹ̀ nítorí òṣùwọ̀n; ẹ jẹ́ kí ó jà ní ìsọ̀rí tí ara rẹ̀ bá gbé e dé.

Ní ti àwọn tí ẹ ń tọ́ka sí, lóòótọ́ ni Abe Hifumi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Abe Uta, gba wúrà Òlíńpíìkì fún Japan ní ọjọ́ kan náà ní Tokyo ní 2021, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń jà láàárín àwọn ọkùnrin tí kò ju kìlógíráàmù 66 lọ, èkejì sì ń jà láàárín àwọn obìnrin tí kò ju 52 lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Nakamura, ọmọ ìyá mẹ́ta láti Japan tí wọ́n jọ lọ sí Òlíńpíìkì Atlanta ní 1996, níbi tí Kenzo ti gba wúrà, tí Yukimasa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gba fàdákà: ìsọ̀rí wọn yàtọ̀ síra. Kò sí ẹni tí ó dí ọ̀nà ẹnìkejì. Orílẹ̀-èdè kan kò sì lè mú ju ẹnì kan lọ nínú ìsọ̀rí kan wá sí Òlíńpíìkì, nítorí náà ìṣòro yín kì í ṣe àìdára ọmọ, bí kò ṣe pé ìsọ̀rí kan náà ni àwọn méjèèjì wà.

Bàbá kan: Bí olùkọ́ wọn bá jẹ́ ẹni tí ń fi àbúrò bú ẹ̀gbọ́n níwájú ẹgbẹ́, àwọn méjèèjì ni kí ẹ mú kúrò, kì í ṣe ọ̀kan.

Àbúrò nílé wa: Ẹ má yà wọ́n o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ kọ́ ọ ni. Olùkọ́ wa máa ń fi wá ṣe uchi-komi, èyí tí a fi ń wọlé sí ara ẹnìkejì léraléra láìgbé e ṣánlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá di randori, tí a ń jà ní tòótọ́, ẹlòmíràn ni yóò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ẹ̀gbọ́n mi ti mọ bí mo ṣe ń di aṣọ mú, nítorí náà kò sí ẹ̀tàn tí mo lè fi mú un, èyí ni ó sì sọ mí di ẹni tí ń wá ọ̀nà tuntun. Ilé ni iṣẹ́ tó le jù wà. Ní Òlíńpíìkì Paris ní 2024, Keldiyorova ti Uzbekistan dá Uta ní ìpele kejì, Hifumi sì gba wúrà ní ọjọ́ kan náà gan-an. Irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ wá bá ẹ̀yin náà, ó sì yẹ kí ẹ ti mọ bí ẹ óò ṣe bá ọ̀kan yọ̀ láìpa èkejì tì.

Ìyá ọmọ: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo máa bá olùkọ́ wọn sọ̀rọ̀ nípa randori. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì kù: mo fura pé àbúrò ti ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ báyìí, nítorí àánú.

Olùkọ́ júdò: Ẹ sọ fún un ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó di ènìyàn lọ́rùn aṣọ mú yóò mọ ìgbà tí ẹni náà kò ja ìjà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò sì ka àánú yẹn sí ìwọ̀sí tí ó ju kí ó dá a ṣubú lọ.