Ṣé jẹjẹrẹ ìfun máa ń ti inú ìdílé wá?

OmoIjesa: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará ilé, jẹjẹrẹ ìfun ńlá ló pa bàbá mi, wọn ò tíì ju 46 lọ, wọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ti ilé ọmọ lára àbúrò wọn obìnrin. Ẹbí ní ayé ni. Ṣé ó lè jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà?

Noosi_Agba: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìfun ńlá pẹ̀lú ilé ọmọ nínú ẹbí kan, tí ẹni náà ò sì tíì tó 50, Lynch syndrome ni dókítà máa kọ́kọ́ rò, ìyẹn àbùkù àjogúnbá tó ń jẹ́ kí jẹjẹrẹ tètè múni. Àwọn jíìnì kan wà, ìyẹn ìtọ́ni tí a jogún lọ́wọ́ òbí, MLH1, MSH2, MSH6 àti PMS2, àwọn ló máa ń tún àṣìṣe ṣe tí DNA bá ń da ara ẹ̀ kọ, tí ọ̀kan bá ti bàjẹ́ látinú oyún àṣìṣe á kàn máa gorí ara wọn ni, ó sì lè wá di jẹjẹrẹ. Tí òbí kan bá ní in, ọmọ lè jogún ẹ̀, ó sì lè má jogún ẹ̀, 50-50 ni, lọ́kùnrin lóbìnrin.

BabaBeji: Ayé kọ́ o jàre! Ìdílé Māori kan ní New Zealand, jẹjẹrẹ inú ikùn ń pa wọ́n léraléra, 1998 ni wọ́n tó rí i pé jíìnì mìíràn tó ń jẹ́ CDH1 ló bàjẹ́.

OmoIjesa: Háà. Kí ni kí n wá ṣe báyìí? Inú ò run mí o.

Noosi_Agba: Ẹ má dúró de inú rírun. Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ àǹtí yín wò, torí wọ́n lè ṣe tẹ́ẹ̀sì lára ẹran tí wọ́n gé. Ẹni tó bá ní Lynch, láti bíi ọmọ ọdún 20 sí 25 ló ti yẹ kó máa ṣe colonoscopy, kámẹ́rà tí wọ́n ń ti ìdí kì wọlé yẹn, lọ́dún kan sí méjì. Ojú máa ń tini lóòótọ́, àmọ́ wọ́n á gé kókó tó bá wà níbẹ̀ kó tó di jẹjẹrẹ.