Lórí "àká àwọsánmà ọ̀fẹ́": mo dá "àfisọ́dọ̀" àti "ìtọ́wò" lábàá

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a máa pe ibi tí à ń kó ọ̀pọ̀ àwòrán sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsanwó ní "àká àwọsánmà ọ̀fẹ́". Wọ́n ní ó rọrùn ún pè, ọmọdé á sì tètè mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni, ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín jiyàn díẹ̀. Ẹni tí ó bá fi orúkọ yìí mọ nǹkan náà ni yóò kó àwòrán ìsọmọlórúkọ, ti ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú ìyá rẹ̀ síbẹ̀, tí yóò sì pa èyí tó wà lórí fóònù rẹ́ kí ààyè lè wà. Orúkọ tí a bá fún un ló máa sọ fún un bóyá ó yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú àwọsánmà kúrò. Inú ẹ̀rọ ni àwọn àwòrán wọ̀nyí wà, inú ilé ni ẹ̀rọ náà wà, ilé náà sì wà lórí ilẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ tí Google ní wà ní Hamina, ní Fínlándì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bébà tẹ́lẹ̀. Omi òkun ni wọ́n fi ń mú ẹ̀rọ tutù níbẹ̀. Òmíràn wà ní The Dalles, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà. Ilé náà ní ẹni tó ni ín, òfin ìlú tó wà sì dè é. Bí a bá ti ní "àwọsánmà", onílé ti pòórá nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn.

"Ọ̀fẹ́" gan-an ló ká mi lára jù. Bí Yorùbá bá gbọ́ "ọ̀fẹ́", ohun méjì ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn: oore-ọ̀fẹ́ tí a kì í díye lé, àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní January 1955, tí àwọn òbí wa kà sí ẹ̀tọ́ ọmọ wọn. Ti àwọn ilé iṣẹ́ yìí kò jọ ìkankan nínú méjèèjì. Ní 2013, Flickr, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí à ń kó àwòrán sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ààyè TB 1, ìyẹn GB 1,000, láìgba kọ́bọ̀. Ní 2018, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ SmugMug ra Flickr, nígbà tó sì di November ọdún náà wọ́n kéde pé ẹni tí kò bá sanwó kò gbọdọ̀ ní ju àwòrán 1,000 lọ. Nínú 2019 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa èyí tó lé rẹ́. Google Photos náà bẹ̀rẹ̀ ní May 2015 pẹ̀lú ìlérí pé bí àwòrán ẹni ti wù kó pọ̀ tó, àwọn yóò gbà á, bí a bá ṣáà ti gbà kí wọ́n dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. June 1, 2021 ni ìyẹn dópin. Láti ọjọ́ náà GB 15 ni wọ́n ń fúnni láìsanwó, lẹ́tà Gmail àti fáìlì inú Google Drive sì wà nínú GB 15 kan náà, ṣùgbọ́n wọn ò ka àwòrán tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn. Bí àwòrán kan bá jẹ́ MB 4 (MB 1,000 ló wà nínú GB kan), nǹkan bí 3,700 ti kún un. Ẹni tó ní 30,000 nílò GB 120. A ò tíì sọ ti dátà tí yóò fi kó wọn lọ, bẹ́ẹ̀ owó ni a fi ń ra dátà ní Nàìjíríà.

Arábìnrin wa kan fèsì pé kí a pè é ní "ààyè èènì". Inú mi dùn sí i púpọ̀, nítorí inú ọjà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ọjà sì ni nǹkan yìí. Àmọ́ ẹ wò ó: lẹ́yìn tí a bá ti ra gààrí ni ìyá ológààrí ń bu èènì lé e. Kí a tó rà á, a máa ń bu díẹ̀ jù sẹ́nu. Ìtọ́wò nìyẹn, ìwọ̀n tí olùtajà bá fẹ́ ló máa jẹ́ kí a bù, ó sì ń retí kí a rà. GB 15 ti Google, GB 5 ti iCloud tí Apple ní, GB 2 ti Dropbox, "ààyè ìtọ́wò" ni mo máa pe gbogbo wọn. Ẹni tó gbọ́ "ìtọ́wò" kò ní kó ẹrù ogún ọdún síbẹ̀ kó wá lọ sùn.

Ó ku "àká". Àgbẹ̀ ló ni àká rẹ̀, òun ló ń ṣí i nígbà tó bá wù ú. Ohun tí à ń ṣe níbí ti ní ọ̀rọ̀ ìṣe tirẹ̀ nílé: a ń fi nǹkan sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nítorí náà mo dá "àfisọ́dọ̀" lábàá fún ohun tí a kó lọ, kí ibẹ̀ sì máa jẹ́ "ilé àfisọ́dọ̀". Wàhálà ọ̀rọ̀ ìṣe ti tán nìyẹn: "Mo fi àwòrán ìgbéyàwó wa sọ́dọ̀ Google." "Mo fẹ́ lọ gba àwòrán mi padà." Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò béèrè àdéhùn tó wà láàárín yín, ó sì yẹ kó béèrè, nítorí Google ti kéde ní 2023 pé àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí fún ọdún méjì, àwọn lè pa á rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ro ti bàbá tó kú, tí ọmọ kankan kò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Google àti Apple fúnra wọn gbà kí a yan ẹni tí yóò lè gba nǹkan wa lẹ́yìn wa. "Àrólé" ni mo ń pe ẹni yẹn, n kò sì rò pé ó nílò àríyànjiyàn.

Àwọn kan ní ṣé "ibi ìpamọ́" lásán kò tó ni? Kò tó, nítorí "pamọ́" ní ìtumọ̀ méjì, ká tọ́jú nǹkan àti ká má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ẹ̀rọ Google ń wo àwòrán wa: ó ń to ojú kan náà jọ, bí a bá sì tẹ "kéèkì" ó máa wá gbogbo kéèkì ọjọ́ ìbí jáde. Àmọ́ àwọn kan wà, bíi MEGA àti Proton Drive, tí wọ́n ń ti àwòrán pa kó tó kúrò lọ́wọ́ wa, tí kọ́kọ́rọ́ sì ń wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àwọn wọ̀nyẹn ni kí a fún ní "ìpamọ́", torí òótọ́ ni ó pamọ́, débi pé bí ọ̀rọ̀ aṣínà àti kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà bá sọnù, ilé iṣẹ́ náà kò lè bá wa ṣí i. Ẹ má sì jẹ́ kí a pe àwòrán ẹbí ní "àwòrán ìkọ̀kọ̀", ó ń dún bí ohun ìtìjú. "Àwòrán àdáni" ti tó.

Ibi tí mo ti nílò ìrànlọ́wọ́ nìyí. Bí a bá pa àwòrán rẹ́ nínú áàpù Google Photos lẹ́yìn tí ó ti lọ sọ́dọ̀ wọn, ó kúrò lórí fóònù, ó kúrò lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú. Ó wà nínú àpò ìdọ̀tí fún 60 ọjọ́, ó sì parí. Ti iCloud náà rí bẹ́ẹ̀, 30 ọjọ́ ni tiwọn. "Ìmúdọ́gba" tí àwọn kan ń lò fún "sync", ìyẹn bí ohun orí fóònù àti ohun ọ̀dọ̀ wọn ṣe ń bá ara wọn dọ́gba, kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni pé àdánù ibí ni àdánù ọ̀hún. Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, tó jẹ́ pé Faransé ni fóònù yín ń sọ, báwo ni ẹ ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá yín lẹ́nu tiwa?